Ìrẹsì Ọjọ́ Sátidé

Ẹ kó fóònù yín sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ̀yin méjèèjì. Mofẹ́, tìẹ náà. Tíwa, má wulẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, mo ti rí i. Wákàtí kan péré ni. Yìnyín ti ti ilé ìwé pa, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ ní gbogbo Glenn Dale lónìí. Ẹ fa àga súnmọ́ mi nídìí iná níbí, kí n máa fi ojú kan wo ìkòkò, kí n máa fi ojú kejì wò yín.

Mo mọ̀ pé Màmá àgbà lẹ fẹ́ béèrè. Láti àná tí mọ́mì yín ti já yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, tó sáré padà sí ọsibítù, ẹ ti bi mí tó ìgbà mẹ́wàá. A ó dé ibẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí ìrẹsì yìí jinná ná, kí ẹ jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà a ó sọ̀rọ̀ Màmá àgbà. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí bí ẹ bá dá a mọ́ mi lẹ́nu, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ wo ìkòkò yìí. Ṣé ẹ rí ibi tó ti tẹ̀ létí? Màmá àgbà yín gbé e lé itan nínú ọkọ̀ òfurufú láti Èkó dé ìlú yìí. Wọ́n ti sọ fún un pé ìkòkò Amẹ́ríkà fẹ́lẹ́, pé ó máa ń jó oúnjẹ. Obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé báàgì aláwọ̀ dání, òun gbé ìkòkò. Mo lọ pàdé rẹ̀, mo na ọwọ́ kí n gbà á, ó ní kí n fi sílẹ̀, òun fúnra òun ló máa gbé e wọlé. Ó sì gbé e wọlé, ní District Heights, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kí a tó bí mọ́mì yín.

Ilé bíríkì pupa ni, alájà mẹ́ta. Ìdílé Yorùbá mẹ́rin la wà níbẹ̀, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, àwa láàárín, àwọn kan nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní òdìkejì títì yìí! Nígbà náà, ìró la fi ń mọ ara wa. Bí ẹ̀rọ ata bá ti ń han lókè lọ́sàn-án Sátidé, a ti mọ̀ pé àwọn ará òkè máa ní àlejò lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lóru, ìyàwó ìsàlẹ̀ á ti gbé ata gbígbóná wá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ilẹ̀kùn kì í sì í wà ní títì. Èèyàn á kàn ti ilẹ̀kùn wọlé, á ní "Ẹ ń lẹ́ o, kí lẹ ń jẹ?", á sì jókòó tì yín. Lónìí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ lórí fóònù kí ẹ tó lọ kí àbúrò ìyá yín. Mi ò sọ pé ó burú. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, ara ògiri ilé ìdáná ni wọ́n kàn án mọ́, okùn rẹ̀ gùn débi tí o fi lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará ilé sọ̀rọ̀ á ra káàdì, á fi èékánná ha ẹ̀yìn rẹ̀, á tẹ nọ́ńbà gígùn bí àdúrà wòlíì. Bó bá wọlé, ẹ ó máa pariwo, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ ń gbọ́ mi?" títí káàdì á fi tán. Ohun tó tù wá nínú jù ni kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé á bá wa mú kásẹ́ẹ̀tì wá, ohùn ìyá ẹni á wà nínú rẹ̀. Ìyá Màmá àgbà yín, Màmá Ìbàdàn la ń pè é, kò mọ̀wé kọ. Kásẹ́ẹ̀tì ni ìwé tirẹ̀. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi lókè títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ẹ máa gbọ́ tí àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa gbọ́ tí ẹnì kan ń gbá ilẹ̀, òun á wá sún mọ́ ẹ̀rọ náà jù, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn lókè odò: "Àdùkẹ́ o! Ṣé ò ń jẹun? Mo gbọ́ pé o ti lóyún. Má febi pa ọmọ náà o. Àdùkẹ́, jẹun!"

Ìjọ wa náà kò tíì ní ilé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan la ń lò lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó to àga, a ó tún kó o kúrò. Ọdún Ìkórè kan wà, tí kò sí iṣu, tí kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn gbé tòmátì agolo wá, wọ́n gbé àpò ìrẹsì. Ẹnì kan wá gbé tòlótòló tó dì gbagidi wá síwájú pẹpẹ. Ìwàásù gùn. Kí olùwàásù tó dé "ní ìparí", omi tòlótòló ti ṣàn kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn akọrin ń gbé ẹsẹ̀ sókè. Màmá àgbà yín rẹ́rìn-ín débi tí ó fi jáde. Ó mọ ẹ̀rín ín rín, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹnu rẹ̀ náà kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ mi. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn kí n tó wá síbí wá máa ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àkọ́bí ìyá mi ni mí, ìyá mi kò sì jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo fi ń ṣe fáàrí. Mo máa ń sọ ọ́ láàárín àwọn ọkùnrin pé láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó, ẹyin lásán, mi ò dín in rí. Àwọn yòókù náà á sì máa sọ tiwọn. Màmá àgbà yín á gbọ́, á fi ọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ fọkàn sí i o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ọkọ mi nídìí iná, ẹ yáa wá kí mi, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń jí kí n tó jí, á se oúnjẹ, á bò ó, á wọ aṣọ funfun rẹ̀, á lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ti lóyún oṣù mẹ́fà. Ọ̀kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kó tó di ìgbà náà, ní oṣù kẹrin, nǹkan tí a kì í sọ síta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Fún odidi ọdún kan, kò lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ ọmọdé. Nígbà tí èyí wá dúró, dókítà ní kó rọra, kó máa jẹun lásìkò, kí ohunkóhun má já a láyà. Èmi wá di ọlọ́dẹ oyún náà. Ilẹ̀kùn tó bá dún gbàù, màá bá a jà.

Ọjọ́ kan ní ìgbà òtútù, ọjọ́ ìsinmi mi lẹ́nu iṣẹ́, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù dún. Bùọ̀dá Láyí ni, ẹ̀gbọ́n Màmá àgbà yín, ó ń pè láti Ìbàdàn. Kò kí mi dáadáa. Ó ní, "Ṣé Àdùkẹ́ wà nítòsí?" Mo ní ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Màmá sùn lánàá, wọn ò jí mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Mo bi í bóyá ara wọn ò yá tẹ́lẹ̀, ó ní rárá, wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n kí gbogbo èèyàn pé ó dàárọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí lé o. Ìwọ lo mọ bó o ṣe máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, oyún yẹn o." Káàdì rẹ̀ tán, tàbí ẹkún ló gbé e, mi ò mọ̀. Ìlà náà já.

Kò sí pé a máa lọ sílé. Ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde, bí a bá fi ẹsẹ̀ kan jáde, kò dájú pé a máa lè wọlé mọ́. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi: kí n sọ fún un, kí oyún náà má sì bá a lọ.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtúfọ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í ju ikú lu èèyàn bí òkò. Àgbà ló máa ń wá. Á kọ́kọ́ kí ọ, á béèrè àwọn ọmọ, á ní kí o jókòó. Á bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Bí o kò bá tíì jẹun, á ní kí o jẹun ná, torí ó mọ̀ pé bí òun bá ti la ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ máa dí fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí o bá jẹun tán ni á tó sọ ọ́, á sì ti di ọ́ lọ́wọ́ mú kí ó tó sọ ọ́. Lónìí ńkọ́? Fóònù kì í béèrè bóyá o ti jẹun. Ọmọ ìjọ wa kan wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Clinton lọ́hùn-ún, níbi iná pupa lójú Route 5, fóònù rẹ̀ tàn, ó rí àwòrán bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là. Báyẹn ló ṣe gbọ́ ikú bàbá rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè fún un pé iná ti yí padà. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ gidi gan-an.

Mo pe Ìyá Ìjọ wa. Clinton ni àwọn ń gbé, òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin wa, kò sí ọmọ tí a bí tí kò kọ́kọ́ fọwọ́ gbà. Mo sọ fún un. Ó ké "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé e mì.

"Ṣé ó ti gbọ́?"

"Rárá, Mà. Aago mẹ́rin ni yóò dé."

"Ọlọ́run ṣeun. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lórí ebi o! Èmi ò lè débẹ̀ kó tó di aago márùn-ún, Bàbá ló gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kí lẹ ní nílé?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà. Ó ní bí òun bá dé lòun máa dáná."

"Dáná fún un."

"Èmi, Mà?"

"Ta ló tún wà níbẹ̀? Ṣé ọwọ́ rẹ rọ ni? Olùkọ́ ni ọ́, àbí o ò ní lè ka ohun tí mo bá pè fún ọ? Mú bírò."

Mo mú bírò. Ó ní kí n se adìyẹ àti ìrẹsì pọ̀ nínú ìkòkò kan, pé òpè ò lè ba ìyẹn jẹ́. Fọ adìyẹ, bọ̀ ọ́ kó rọ̀. Lọ ata, tòmátì, àlùbọ́sà, dín in. Da omi adìyẹ sí i, da ìrẹsì sí i, bò ó, má ṣí i léraléra. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ mi di ìgbà tí a kó wá sílé yìí.

"Bọ̀ ọ́ kó rọ̀." Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ tí mo mọ̀ ni adìyẹ ilé ìyá mi, àgbébọ̀ tó ti fi ọdún mẹ́ta sá káàkiri àgbàlá. Ìyá mi á gbé e kaná ṣáájú àdúrà òwúrọ̀, a ó gbàdúrà, a ó gbálẹ̀, a ó pọn omi, a ó dé, yóò ṣì máa bá eyín jà. Èmi náà gbé adìyẹ Amẹ́ríkà kaná, mo bò ó, mo lọ jókòó sí yàrá, mo ń sunkún. Mo nífẹ̀ẹ́ Màmá Ìbàdàn. Òun ló bá mi bẹ bàbá Màmá àgbà yín nígbà tó ní olùkọ́ ò lè fẹ́ ọmọ òun. Mo fi adìyẹ yẹn sílẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Ìgbà tí mo padà ṣí ìkòkò, egungun ló kù. Ẹran ti yọ́ sínú omi. Adìyẹ tí kò rìn rí láyé rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bá iná jà?

Mi ò ní òmíràn. Mo ṣa egungun kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo da ata sínú òróró, òróró ti gbóná jù, ó ta sí mi lọ́wọ́ — ẹ wo àpá rẹ̀ — èéfín gba ilé, ẹ̀rọ kékeré tó wà lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ìyàwó ìsàlẹ̀ sáré gòkè wá, ó rí mi tí mò ń fi aṣọ ìnura lé èéfín, ojú mi pupa. Ó wo ìkòkò, ó wò mí. Ó kàn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà," ó ṣí fèrèsé, ó lọ. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti fọ ojú. Mo ti tẹ́ tábìlì. Mo ti múra irọ́ tí màá pa, pé àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Ó ṣílẹ̀kùn, yìnyín wà ní èjìká rẹ̀. Ó gbóòórùn. Ó wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Ó wá wo èmi, mo mú orógùn dání, mo so aṣọ ìnura mọ́ ìdí. Mo fi eyín rẹ́rìn-ín.

"Àdùkẹ́, káàbọ̀. Ebi á ti máa pa ọ́."

Ó rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló kú?" ó ní.

"Kí lò ń wí? Ṣé èèyàn ò lè dáná fún ìyàwó rẹ̀ ni?"

"Èèyàn lè dáná. Ẹ̀yin kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Ẹ ò rí i bí! Gbogbo ọgbọ́n mi àti ti Ìyá Ìjọ, kò sí ẹni tó rò ó nínú wa. Ọkùnrin tí kò dáná rí, lọ́jọ́ tó bá dáná, ó ti túfọ̀ tán. Ìkòkò ti sọ ọ́ fún un láti ẹnu ọ̀nà. Mò ń wo ikùn rẹ̀, mò ń retí kó ṣubú. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

Mo ní, "Jẹun ná."

Òun náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àṣà kan náà ló tọ́ wa. Ó dúró títí yìnyín èjìká rẹ̀ fi di omi. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ṣé ẹ máa sọ òótọ́ fún mi?"

"Màá sọ ọ́."

"Ẹ bù ú wá."

Mi ò rí ẹni tó jẹun báyẹn rí títí di òní. Kò yára, kò sì fà á. Ó ń gbé ṣíbí, ó ń wo ojú mi, ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú àwo, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Bó bá ti fẹ́ dúró, á tẹ ọwọ́ mọ́ ikùn, á ní, "Jẹun, ọmọ mi. Jẹun." Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ló ṣe ń sọ ọ́. Ó jẹ ẹ́ mọ́ àwo. Ó gbé ṣíbí lé e, ó nu ẹnu.

"Màmá mi ni, àbí?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mo ní, "Màmá ni."

Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní sọ fún yín. Mo gbá a mọ́ra lórí àga, mò ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé Ọlọ́run, má gba méjì lọ́wọ́ wa. Níbi tí mo ti gbá a mọ́ra, ọmọ inú rẹ̀ ta mí nípàá níhà. Ó ta á gan-an ni. Mọ́mì yín nìyẹn.

Ìyá Ìjọ àti ọkọ rẹ̀ dé, àwọn ará ilé wa dé láti òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ nígbà tí àga tán. A bu ìrẹsì fún wọn. Bàbá, ọkọ Ìyá Ìjọ, kó ṣíbí kan sẹ́nu, ó ranjú. Ó fi ṣíbí wá inú àwo títí. Ó rọra ní, "Mo tọrọ gáfárà o. Iyọ̀ dà? Adìyẹ dà?" Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mi ò fi iyọ̀ sí i. Màmá àgbà yín ti jẹ àwo kan tán, kò béèrè iyọ̀. Ó gbé orí sókè láàárín ẹkún, ó ní, "Bàbá, adìyẹ ti sá lọ, egungun ló jù sílẹ̀ fún ọkọ mi." Ó bá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, a tún bú sẹ́kún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn ò jẹ́ kó dáná. Ìkòkò ń wọlé, ìkòkò ń jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Màmá ní Ìbàdàn, a ṣírò aago, gbogbo wa péjọ sí yàrá wa ní àárọ̀ kùtù, a kọ orin, a gbé kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, a tẹ̀ ẹ́. Àkùkọ kọ. "Àdùkẹ́ o! Ṣé ò ń jẹun?" Ó dáhùn, ó ní, "Mò ń jẹun, Màmá." Isà òkú tí a lè lọ nìyẹn. Nígbà tó wá bí obìnrin, kò sí pé a ń wá orúkọ kiri, Yétúndé ni. Ìyá ti padà wá.

Ẹ jẹ́ kí n ro ìrẹsì yìí, kó má jóná.

Mo rò pé ó ti tán. Kò tán. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìkómọ, ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, àwọn ará òkè ń se ìrẹsì. Òórùn rẹ̀ bá a lórí àtẹ̀gùn. Kò lè gòkè mọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń pe orúkọ mi pé kí n gbé ọmọ jáde kí òun rí àwa méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ gbọ́. Ẹ máa dáná fún mi ní gbogbo Sátidé. Ìrẹsì yẹn gan-an. Mi ò fẹ́ kí òórùn rẹ̀ jẹ́ ti ikú mọ́. Ṣùgbọ́n Sátidé nìkan o. Bí ẹ bá dáná lọ́jọ́ mìíràn, àyà mi máa já."

Bí Sátidé ṣe di ọjọ́ mi nìyẹn. Mo kọ́ iyọ̀. Mo kọ́ adìyẹ. Àwọn ọkùnrin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di ẹni tó ń bá mi lọ sí oko kan lọ ra àgbébọ̀ líle, a ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, wọn ó máa ké, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáná. Ilé á kún. Kí ẹ wá wo àríyá wa nígbà náà! Lónìí, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta adìyẹ líle wà káàkiri, ó ti gé, ó ti mọ́, ó wà nínú ọ̀rá, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Ìyá Ìjọ ti lọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ. Àwọn ará òkè kó lọ sí Texas. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò fo Sátidé kan, mi ò sì dáná lọ́jọ́ mìíràn rí. Ẹ bi mọ́mì yín. Kódà bí Màmá àgbà ṣe dùbúlẹ̀ sí ọsibítù láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní Sátidé tó kọjá, mo se é, mo gbé e lọ. Ṣíbí mẹ́ta ló jẹ. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí.

Ó ti jinná. Ẹ gbé àwo wá. Tíwa, jókòó dáadáa. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Àmín. Ẹran wà níbẹ̀, ẹ bù ú, èyí kò sá lọ.

Ẹ máa jẹun. Mo ń wò yín, ó dára.

Mofẹ́, kí ló dé? Kí ló dé tí o gbé ṣíbí sílẹ̀? Kí lò ń wo apẹ̀rẹ̀ fóònù sí? Sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ọjọ́rú ni. Òní kì í ṣe Sátidé.

Sún mọ́ mi. Fún mi lọ́wọ́ rẹ. Àbúrò rẹ ń wò ọ́, gbé ṣíbí yẹn, jẹun ná. Màmá àgbà rẹ jẹ tirẹ̀ mọ́ àwo kí n tó sọ fún un.